P&G: Bí iléeṣẹ́ tó ni Ariel àti Pampers ṣe pín iṣẹ́ rẹ̀, àti ibi tó ti ń wá ọgbọ́n tuntun

Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù tó wà ládùúgbò yín, ẹ ó bá Ariel, Pampers, Always, Oral-B àti Gillette níbẹ̀. Ilé kan náà ni gbogbo wọn ti wá: Procter & Gamble, tí wọ́n ń pè ní P&G. Nígbà tí iléeṣẹ́ yìí kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 pé àwọn ò ní máa ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, pé ńṣe làwọn á kàn máa kó o wọlé, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń béèrè pé ta gan-an ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Àlàyé rèé.

Ìbẹ̀rẹ̀ wọn

Ọdún 1837 ni William Procter, tó ń ṣe àbẹ́là, àti James Gamble, tó ń ṣe ọṣẹ, da òwò pọ̀ nílùú Cincinnati, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni ìyàwó wọn. Bàbá ìyàwó wọn ló rí i pé ọ̀rá ẹran kan náà làwọn méjèèjì ń wá kiri, ló bá ní kí wọ́n kúkú jọ ṣe é.

Ta ló ń pàṣẹ?

Lọ́dún 1931, Neil McElroy, tó ń bójú tó ìpolówó ọṣẹ Camay, kọ ìwé olójú ewé mẹ́ta sáwọn ọ̀gá rẹ̀. Ọṣẹ Ivory, tó jẹ́ tilé kan náà, ló ń bo Camay mọ́lẹ̀. Ó ní kí ọjà kọ̀ọ̀kan ní alábòójútó tirẹ̀, táá máa jà fún un bí ẹni pé òwò tara rẹ̀ ni. Wọ́n gbà, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ lágbàáyé sì ti kọ́ ọ lára wọn.

Àmọ́ fún ìgbà pípẹ́, ọ̀gá tó wà ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣì lágbára gan-an. Ọdún 1999 ni Durk Jager yí i padà. Látìgbà náà, ẹ̀ka ọjà ló ń darí: àwọn tó ń rí sí ọṣẹ ìfọṣọ ń rí sí i kárí ayé, bẹ́ẹ̀ náà làwọn tọmọ ọwọ́. Iṣẹ́ àwọn tó wà lórílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n mọ oníbàárà, kí wọ́n sì tà á. Lọ́dún 2019, wọ́n tún kó àwọn ẹ̀ka náà jọ sí ìsọ̀rí ńlá mẹ́fà, ọ̀gá ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ló sì máa jíhìn èrè àti àdánù.

Ibi tí wọ́n ti ń wá ọgbọ́n

Ìyípadà Jager yá jù. Láàárín oṣù díẹ̀ lọ́dún 2000, owó ìpín iléeṣẹ́ náà já bọ́ láti dọ́là 118 sí 52. Jager fipò sílẹ̀, A.G. Lafley sì gbà á.

Lafley rí i pé owó tó ń lọ sórí ìwádìí ń pọ̀ sí i, àmọ́ ọjà tuntun tó ń tibẹ̀ jáde ò tó nǹkan. Wọ́n ṣe ìṣirò kan: onímọ̀ 7,500 ló wà nínú ilé, àmọ́ bí a bá mú ẹnì kan nínú wọn, igba èèyàn wà níta tó mọ iṣẹ́ náà bíi tiẹ̀. Mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ nìyẹn. Ló bá ní kí ìdajì ọjà tuntun máa wá láti ìta.

Àpẹẹrẹ rèé. Wọ́n fẹ́ tẹ àwòrán àti ọ̀rọ̀ sára ìpápánu Pringles, ìgbà yẹn ó ṣì jẹ́ tiwọn. Dípò kí wọ́n jókòó ṣèwádìí fọ́dún bíi mélòó kan, wọ́n wá a kiri Yúróòpù, wọ́n sì rí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Bologna, nílẹ̀ Ítálì, tó ní ilé búrẹ́dì kékeré, tó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àwòrán sára kéèkì. Lọ́dún 2004, ọjà náà dé orí igbá.

Nàìjíríà ńkọ́?

Ẹ wá wò ó nínú ètò yìí. Ọ̀gá tó ń ṣọ́ owó iléeṣẹ́ náà, Andre Schulten, ṣàlàyé lọ́dún 2023 pé ó ṣòro fún iléeṣẹ́ tó ń fi dọ́là ṣírò láti jèrè níbí. Náírà ti já wálẹ̀ gan-an láti oṣù Kẹfà ọdún náà. Ó ní òwò Nàìjíríà ò ju bíi mílíọ̀nù dọ́là 50 lọ, nínú òwò tó tó bílíọ̀nù dọ́là 85. Lójú Cincinnati, ẹ̀kán omi nínú agbada ni. Àmọ́ fún òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù níbẹ̀, àtàwọn tó ń bá wọn kẹ́rù, oúnjẹ òòjọ́ ni. Ọjà tí wọ́n bá sì ń kó wọlé, dọ́là ló máa bu iye fún un, òun nìyá ọlọ́mọ ń rí lára owó Pampers.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí: bí ẹ bá rí iléeṣẹ́ òkèèrè tó ṣí ilé níbí, ẹ má wo bí ilé náà ṣe tóbi tó. Ẹ béèrè ibi tí àṣẹ wà, àti irú owó tí wọ́n fi ń ṣírò.

Ẹni tó bá sì ní ọgbọ́n tuntun lọ́wọ́, ilẹ̀kùn P&G ṣì ṣí fún ará ìta. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé tó fi hàn pé tiyín ni.