Láti Orí Ìkookò Dé 419: Ìtàn Orúkọ Arúfin Lédè Gẹ̀ẹ́sì

“Law” tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe òfin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé wọn. Àwọn jagunjagun ojú omi tó ti Dẹ́ńmáàkì àti Nọ́wè wá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì ń gbé ibẹ̀, ló mú un wá ní ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ sẹ́yìn. Bí “law” ṣe wọlé ni “outlaw” tẹ̀ lé e. “Thief” ti wà nílẹ̀ ní tirẹ̀. Kò sí ìlú tó ń dúró de àjèjì kó tó mọ orúkọ tí yóò pe olè.

Outlaw ìgbà náà kì í ṣe ẹni tó kàn rú òfin. Ẹni tí wọ́n pè sẹ́jọ́ títí tí kò yọjú ni wọ́n ń yọ kúrò lábẹ́ òfin. Ilẹ̀ rẹ̀ lọ nìyẹn, ẹrù rẹ̀ lọ. Wọ́n á ní orí ìkookò ló gbé sọ́rùn, ẹni tó bá pàdé rẹ̀ sì lè pa á bí ẹni pa ẹran igbó. Wọn kì í pe obìnrin ní outlaw, torí wọn kò kà á mọ́ àwọn tó búra sábẹ́ òfin. Orúkọ mìíràn ni wọ́n fún un, ìyà náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ọdún 1938 ni England tó mú ọ̀rọ̀ outlaw kúrò pátápátá nínú ẹjọ́ ọ̀daràn.

William ti Normandy ṣẹ́gun ní 1066, èdè Faransé sì gorí àga ilé-ẹjọ́. “Crime”, “felony”, “robber”, “larceny”, “perjury”, gbogbo wọn ló tọ ẹsẹ̀ aṣẹ́gun wọlé. “Murder” tó jẹ́ ti onílé gan-an, aṣẹ́gun fi ṣe owó. Bí wọ́n bá rí òkú tí wọn kò sì mọ ẹni tó pa á, òfin gbà pé Norman ni, gbogbo àdúgbò ni yóò sì san owó ìtanràn, àfi bí wọ́n bá fi ẹ̀rí hàn pé Gẹ̀ẹ́sì ni olóògbé. Ẹ fojú inú wò ó: mọ̀lẹ́bí òkú á jáde síwájú aṣojú ọba, wọ́n á jẹ́rìí sí ìran bàbá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀, kí ọba lè gbà pé ẹni tí wọ́n pa kò tó ẹni tí ìlú ń san owó lé lórí. “Murdrum” ni wọ́n ń pe owó náà. Ó di 1340 kí wọ́n tó fagi lé e.

Ní 1362, òfin ní kí wọ́n máa rojọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, torí ará ìlú kò gbọ́ Faransé. Àwọn amòfin kò fi bẹ́ẹ̀ ka òfin náà sí. Ìwé ẹjọ́ kò di Gẹ̀ẹ́sì pátápátá títí di 1733.

Lọ́wọ́ kan náà, àwọn tó mọ̀wé kọ ń ta ọ̀dà sára ẹni tí wọn kò kà sí. “Villain” tí à ń gbọ́ nínú eré orí ìtàgé, àgbẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀ olówó ni níbẹ̀rẹ̀. Kò jalè, kò pààyàn, òtòṣì lásán ni. “Miscreant” tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn ọlọ́pàá wa, ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò bá ti ṣọ́ọ̀ṣì mu ni.

Larceny ló yẹ kí a dúró tì díẹ̀. Láti ọ̀rúndún kẹtàlá, ẹni tó bá jí ohun tó ju ṣílè kan lọ, ikú ni òfin kọ fún un. Owó náà kò yí padà fún ohun tó ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún lọ. Ọjà ń wọ́n sí i, ẹ̀mí èèyàn ń pọ́ọ́kú sí i. Nígbà tó yá, wọ́n tún ṣòfin pé ẹni tó bá jí ohun tó tó ogójì ṣílè nínú ilé onílé, okùn ni. Ẹ wá wo ìwé ẹjọ́ Old Bailey ní Lọ́ńdọ̀nù: lemọ́lemọ́ ni àwọn ará ìlú tó jókòó dájọ́ ń díye lé ẹrù olè ní ṣílè mọ́kàndínlógójì. Wọ́n mọ̀ pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olóhun mọ̀, adájọ́ mọ̀. Irọ́ ṣílè kan ni wọ́n fi ń já èèyàn gbà lọ́wọ́ ikú, n kò sì mọ irọ́ tó wúlò jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú gbogbo ìtàn yìí.

Íńdíà ló fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní “loot” àti “thug”. Ẹlẹ́tàn, gbájúẹ̀, ni ọ̀rọ̀ kejì yìí lẹ́nu àwọn tó ni ín. Ní àwọn ọdún 1830, William Sleeman, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn, kéde pé ẹgbẹ́ kan wà tó ń fún àwọn arìnrìn-àjò lọ́rùn pa. Òfin 1836 ní kí wọ́n ṣáà ti fi hàn pé èèyàn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ náà, ẹ̀wọ̀n gbére ló kù. Nígbà tó di 1871, òfin mìíràn jẹ́ kí ìjọba lè ka odindi ẹ̀yà sí ọ̀daràn, àtọmọ-àtìyá. “Thug” rìn láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn jàǹdùkú òṣèlú tiwa.

Ní Nàìjíríà, òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n mú káàkiri ilẹ̀ ní 1916, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní Queensland ní Ọsirélíà, ya felony sọ́tọ̀: ẹ̀ṣẹ̀ tó bá gba ikú, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta sókè. England pa felony tì ní 1967. Àwa tí wọ́n gbé e fún kò tíì jù ú nù. Nínú òfin yìí ni abala 419 wà, fún ẹni tó fi irọ́ gba ohun ìní ẹlòmíràn. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni bí ohun náà kò bá níye lórí púpọ̀, ẹnu ààlà felony gẹ́lẹ́.

Lọ́yà àti ọlọ́pàá ló mọ nọ́ńbà náà, títí tí lẹ́tà àwọn gbájúẹ̀ fi ń gba ojú òfuurufú lọ bá àwọn olójúkòkòrò lókè òkun. Nígbà yìí, àwa la fún òyìnbó lọ́rọ̀. Nọ́ńbà di orúkọ ẹ̀ṣẹ̀, ó sì di orúkọ ẹni tó ń dá a. Ní Èkó, onílé á fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ilé òun kò sí fún títà, kí èèyàn ṣọ́ra fún 419. Láti 2006 ni òfin tuntun ti wà fún jìbìtì yìí, ẹ̀wọ̀n ọdún méje sí ogún láìsí owó ìtanràn. N kò tíì rí ògiri tí wọ́n kọ nọ́ńbà abala tiẹ̀ sí.