Mọ́tò Àtijọ́, Ẹ́ńjìnnì Tuntun: Ìtàn Ọkọ̀ Ilẹ̀ Kúbà

Ní ọjọ́ kan a ń ka gbólóhùn kan nínú kíláàsì wa. Gbólóhùn náà ni: «Mọ́tò bàbá mi ti gbó.» Bàbá awakọ̀ takisí kan tó ń kọ́ ìwé pẹ̀lú wa bú sẹ́rìn-ín. Ó ní mọ́tò kì í gbó, àfi bí ó bá ti rẹ ẹni tó ni ín. Ó ní òun ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì Peugeot 504 òun lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń gbé èrò síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi rántí àwọn ará Kúbà.

Kúbà jẹ́ ilẹ̀ tí omi òkun yí ká. Havana ni olú ìlú rẹ̀. Ó sún mọ́ Amẹ́ríkà gan-an: omi tó wà láàrin wọn kò ju nǹkan bí 150 kìlómítà lọ. Àwa Nàgó kò sì lè pe ibẹ̀ ní ilẹ̀ àjèjì pátápátá. Láyé òwò ẹrú, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ síbẹ̀, pàápàá lẹ́yìn ọdún 1800. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ọdún 1886 ni òfin fi òpin sí ẹrú ní Kúbà. Títí di òní, àwọn kan níbẹ̀ ṣì ń bọ Ògún. Ìkòkò irin ni wọ́n fi ń ṣe ojúbọ rẹ̀, wọ́n á kó òòlù, àdá, ṣọ́bìrì àti irin mìíràn sínú rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ irin ni a fẹ́ sọ.

Kí ọdún 1959 tó dé, Amẹ́ríkà ni Kúbà ti ń ra mọ́tò. Chevrolet, Ford, Buick, Plymouth, Dodge, Cadillac, gbogbo wọn ń gba orí omi dé Havana. Ọkọ̀ ńlá ni wọ́n. Irin wọn nípọn, iwájú wọn ń dán bíi fàdákà.

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1959, olórí ìjọba, Batista, sá lọ. Fidel Castro àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gba ìjọba. Ìjọba tuntun yìí gba àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó wà ní ilẹ̀ náà. Inú bí Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1960, wọ́n dá ọ̀pọ̀ ọjà tó ń lọ sí Kúbà dúró, ó ku oúnjẹ àti oògùn. Ní oṣù kejì ọdún 1962, Ààrẹ Kennedy ti ọ̀nà òwò náà pátápátá. Láti ìgbà náà, kò sí mọ́tò Amẹ́ríkà tuntun mọ́, kò sì sí ẹ̀yà mọ́tò tí wọ́n lè fi tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe. Ẹni tí ìjánu ọkọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́ kò rí ibi tí yóò ti ra òmíràn.

Ìjọba Rọ́ṣíà ìgbà náà, tí wọ́n ń pè ní Soviet, fi Lada àti Moskvitch ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló rí wọn gbà. Ìjọba ló ń pín wọn fún dókítà tàbí òṣìṣẹ́ tó ṣe dáadáa, ẹni tó bá sì gbà á kò lè tà á bó ṣe wù ú. Mọ́tò tó ti wà ní Kúbà kí ọdún 1959 tó dé nìkan ni òfin gbà kí ènìyàn tà tàbí kí ó rà fàlàlà. Ṣé ẹ rí i? Chevrolet ọdún 1952 tí bàbá kan fi sílẹ̀ dà bí oko ọ̀pẹ. Ogún ni. Àwọn ọmọ yóò máa jẹ nínú rẹ̀.

Ìyà gidi dé nígbà tí Soviet tú ká ní ọdún 1991. Láti ibẹ̀ ni epo Kúbà ti ń wá. Epo di ọ̀wọ́n. Àwọn ènìyàn gun kẹ̀kẹ́ tí wọ́n kó wá láti Ṣáínà, kẹ̀kẹ́ ẹṣin padà sí ojú títì. Ẹ́ńjìnnì Amẹ́ríkà àtijọ́ sì ń mu ẹ̀sáńsì bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Kí ni kí ènìyàn ṣe? Wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì náà kúrò. Wọ́n wá ẹ́ńjìnnì gásóìlì tí kò mu epo púpọ̀, ti ọkọ̀ Rọ́ṣíà, ti Toyota, ti Hyundai, ti Mercedes, èyíkéyìí tí ọwọ́ bá ṣáà tẹ̀.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ yìí rọrùn. Ẹ́ńjìnnì kan kì í jókòó sí àyè ẹ́ńjìnnì mìíràn. Wọ́n ní láti gé irin tó gbé ti àtijọ́ dúró, kí wọ́n jó òmíràn mọ́ ọn. Ihò inú ẹ́ńjìnnì tuntun kò bá ti àpótí jíà mu, nítorí náà ẹni tó ń gbẹ́ irin yóò gbẹ́ awo irin kan tí yóò so àwọn méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìjánu. Ìjánu àtijọ́ wà nínú ìlù irin tó bò ó mọ́lẹ̀. Bí awakọ̀ bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, ooru yóò há síbẹ̀, ìjánu kò sì ní mú dáadáa mọ́. Ẹni tó bá rí ọ̀nà yóò fi ìjánu alawo ti mọ́tò tuntun rọ́pò rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, ó sì ń tètè tutù. Bí irin ara ọkọ̀ bá jẹrà, wọ́n á fi òòlù lu páànù títí yóò fi rí bí ti àtijọ́.

Báyìí ni ẹ ó ṣe rí Buick tí iwájú rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n tí ó ń dún bíi tírákítọ̀!

Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, àwọn kan ń ṣe irú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú. Ní ọdún 1964, ilé iṣẹ́ Pontiac ki ẹ́ńjìnnì ńlá bọ inú mọ́tò kan tí kò tóbi púpọ̀. GTO ni wọ́n pè é, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 325. Eré rẹ̀ pọ̀ ju ìjánu rẹ̀ lọ. Lónìí, ẹni tó ní owó á ra ògbólógbòó GTO, á fi ẹ́ńjìnnì tuntun tí kọ̀ǹpútà ń darí sí i, á fi ìjánu alawo sí i. Fún ìgbádùn ni. Ọjọ́ ìsinmi ló ń gùn ún. Èmi kò bá a jà, ṣùgbọ́n ti Kúbà ló wọ̀ mí lára jù, torí pé oúnjẹ alẹ́ wà nínú rẹ̀.

Àwọn ará Kúbà ń pe mọ́tò wọ̀nyí ní almendrón, èyí ni èso álímọ́ńdì ńlá, nítorí bí ara wọn ṣe rí roboto. Takisí ni púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ń kó èrò tí kò mọra wọn pọ̀, gẹ́gẹ́ bí takisí tiwa. Àwọn àlejò láti òkè òkun ń ya fọ́tò wọn, wọ́n ń ní ó dára. Ó dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èéfín gásóìlì àtijọ́ kì í ṣe nǹkan tó dára fún àyà ọmọ ènìyàn, ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí kò sì ní okùn tí èrò lè fi so ara rẹ̀ mọ́ ìjókòó. Kì í ṣe pé wọ́n yan mọ́tò àtijọ́. Òun ni wọ́n ní.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, òfin yí padà. Wọ́n gbà kí ènìyàn lè ta mọ́tò, kí ó sì rà, bó ti wù kí ọdún rẹ̀ jẹ́. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2014, ìjọba gbé mọ́tò tuntun sí ìta fún títà. Àwọn ènìyàn sáré lọ wò ó. Peugeot 508 kan, dọ́là 262,000! Èyí lé ní mílíọ̀nù 120 sẹ́fà. Ní ilẹ̀ Faransé níbi tí Peugeot ti wá, owó rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún èyí. Àwọn ènìyàn rín ẹ̀rín ìbànújẹ́, wọ́n padà sídìí Chevrolet wọn.

Ìṣòro epo kò tíì tán. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2024, lítà ẹ̀sáńsì kan tó jẹ́ péṣò 25 di péṣò 132.

Mo ka iye yìí fún bàbá awakọ̀ wa. Ó dìde, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ 132 sí pátákó, ó kọ 25 sí abẹ́ rẹ̀. Ó pín in fúnra rẹ̀. Ó rí i pé ó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó sì ṣẹ́ku 7. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu pátákó, ó ní: «Olùkọ́, ẹ jẹ́ ká máa ka ìwé wa lọ.»