Ọgbà Tó Bo Àlòkù: Ojú, Ẹwà àti Òfin Ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, 1905 sí 1965

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ọ̀rọ̀ etí ni òwe yìí ń sọ. Tipẹ́tipẹ́ ni òfin Amẹ́ríkà náà ti gbà pé etí àti imú ní ẹ̀tọ́: ẹni tí ariwo tàbí òórùn aládùúgbò ń yọ lẹ́nu lè pè é lẹ́jọ́. Ojú ni ó fa àríyànjiyàn. Bí ènìyàn bá kó irin àlòkù, táyà àti ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ jọ sórí ilẹ̀ ara rẹ̀, ǹjẹ́ ìjọba lè ní kí ó bò wọ́n kìkì nítorí pé wọn kò dùn ún wò?

Ní 1905, ìdáhùn ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ New Jersey ni pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìlú Passaic ti pàṣẹ pé kí pátákó ìpolówó jìnnà sí ojú pópó. Ilé-ẹjọ́ fagi lé àṣẹ náà, ó ní fàájì ni ẹwà, kì í ṣe kòṣeémánìí. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní láti wá ìdí mìíràn. Ní 1911, ohun tí àwọn adájọ́ Missouri fi gbe ìlú St. Louis lẹ́yìn ni pé ẹ̀yìn pátákó ìpolówó jẹ́ ibi ìsápamọ́ fún àwọn ọ̀daràn. Nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì fọwọ́ sí i ní 1926 pé kí ìlú Euclid ní Ohio pín ilẹ̀ rẹ̀ sí ẹkùn ilé gbígbé, ti òwò àti ti ilé-iṣẹ́, ìlera, ààbò àti ire gbogbogbòò ni ó gbé ìdájọ́ náà kà.

Ọdún 1954 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìlú Washington láti tún àdúgbò tó ti di jákujàku kọ́. Àwọn tó ni ilé ìtajà kan níbẹ̀ kọ̀, wọ́n ní ilé tiwọn kò bàjẹ́. Gbogbo adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fohùn ṣọ̀kan lòdì sí wọn. William O. Douglas, tó kọ ìdájọ́ náà, ní àwọn aṣòfin lè pinnu pé kí ìlú lẹ́wà, bí wọ́n ti lè pinnu pé kí ó ní ìlera.

Ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ yìí lè dé ojúde ẹnikẹ́ni hàn ní ìlú Rye, ní ìpínlẹ̀ New York. Ní 1956, ìdílé kan ta okùn síwájú ilé wọn, wọ́n sá àkísà sí i láti fi ẹ̀hónú hàn lórí owó orí tó pọ̀ jù. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi okùn kún okùn. Ní 1961, ìlú fòfin de okùn ìsáṣọ ní ojúde tó kángun sí títì. Ní 1963, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà ní òfin ìlú lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹwà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1965, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin ìmú-títì-lẹ́wà tí aya rẹ̀, Lady Bird, ti ṣe agbátẹrù rẹ̀. Àgbàlá àlòkù tó bá wà láàárín 1,000 ẹsẹ̀ bàtà sí títì márosẹ̀, tí awakọ̀ sì lè rí láti orí títì, gbọ́dọ̀ ní igi, ọgbà tàbí ohun mìíràn tí yóò bò ó. Bí kò bá ṣeé bò, kí wọ́n kó o kúrò. Ìpínlẹ̀ tó bá kọ̀ lè pàdánù ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó títì tí ìjọba àpapọ̀ ń fún un. Ìjọba àpapọ̀ yóò san ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìbòjú náà, owó gbà-má-bínú sì wà fún ẹni tí wọ́n bá ní kó kó àlòkù rẹ̀ kúrò. Òfin yìí kò kan àgbàlá tó wà ní ẹkùn ilé-iṣẹ́.

Àyípadà náà kò kéré. Ní 1911, ohun tó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni òfin ń fura sí; ní 1965, òfin fúnra rẹ̀ ni ó ń pàṣẹ ìbòjú. Síbẹ̀, orí títì ni òfin 1965 dúró sí wo àlòkù. Awakọ̀ tó ń sáré kọjá ni ó dáàbò bo ojú rẹ̀. Ẹni tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìn àgbàlá náà, tó ń jí rí i lójoojúmọ́, kò sí nínú ìṣirò rẹ̀. Ọwọ́ òfin ìlú tirẹ̀ ni wọ́n fi í sí.