John Bogle, Ẹni tó Dá Ilé-Iṣẹ́ Sílẹ̀ tí Kò Sọ Ọ́ Di Tirẹ̀

Bí ilé-iṣẹ́ ìdókòwò bá di ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù lọ láyé, ohun tí a máa ń retí ni pé ẹni tó dá a sílẹ̀ yóò wà lára àwọn tó lówó jù lọ láyé. Ti John Bogle, ọmọ Amẹ́ríkà tó dá Vanguard sílẹ̀ ní ọdún 1974, kò rí bẹ́ẹ̀. Kò di bílíọ́nà títí ó fi kú. Àwọn tó ń yìn ín sọ pé inú rere ló fà á. N kò sọ pé kò ní inú rere, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

Ìbejì ni. Ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1929 ni wọ́n bí òun àti David ní ìlú Montclair, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Kò pé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà tí ọjà ìpín ìdókòwò Amẹ́ríkà fi dojú dé, owó tí bàbá wọn jogún sì bá a lọ. Nígbà tí Bogle wà ní ilé-ẹ̀kọ́ Blair Academy, ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ ló ń gbé e ró, ó sì tún ń gbé oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yòókù. Ní Yunifásítì Princeton, ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀-ajé kọ́kọ́ fojú rẹ̀ rí màbo. Ìwé tí Paul Samuelson kọ ni wọ́n ń lò. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Ní ọdún 1951, ó kọ àpilẹ̀kọ àṣejáde rẹ̀ lórí àpò àjùmọ̀ní, ìyẹn àpò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń da owó wọn pọ̀ sí, tí àwọn amòye ń bá wọn fi ra ìpín nínú oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́. Walter Morgan, tó dá Wellington Fund sílẹ̀ ní Philadelphia, ka àpilẹ̀kọ náà, ó sì gbà á síṣẹ́. Bogle gòkè títí ó fi di ọ̀gá. Ní 1966 ó da ilé-iṣẹ́ náà pọ̀ mọ́ ti àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan ní Boston tí ọwọ́ wọn ń ròkè nígbà náà. Nígbà tí ọjà já wálẹ̀ ní 1973 sí 1974, àwọn mẹ́rin yìí ló ṣáájú àwọn tó lé e níṣẹ́, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1974.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró. Ẹni tó ni àpò àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Alájọ ọjà wa ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù, ẹnikẹ́ni kì í bá a jà, nítorí iṣẹ́ ló ṣe. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àpò àjùmọ̀ní ní àwọn onípìn-ín tirẹ̀ lóde. Bí owó iṣẹ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni tiwọn ń dára sí i, ti ẹni tó kó owó sílẹ̀ ń joro. Àpò kọ̀ọ̀kan sì ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, Bogle ṣì ni alága ìgbìmọ̀ náà lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ lé e. Ó bá sọ fún wọn pé kí àwọn àpò fúnra wọn dá ilé-iṣẹ́ tí yóò máa tọ́jú wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì ni ín.

Wọ́n gbà, àmọ́ ìdajì ni wọ́n gbà. Ìṣirò àti àkọsílẹ̀ nìkan ni wọ́n fún Vanguard. Yíyan ìpín àti títa àpò fún aráàlú ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó lé e. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi ọ̀gágun Nelson ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó fi jagun ní ẹnu odò Náílì ní 1798, ni Bogle fún ilé-iṣẹ́ tí kò láṣẹ láti ra ìpín kan ṣoṣo!

Ọ̀nà tó bá yọ ni mo gbádùn jù. Ní 1974 yẹn kan náà, Samuelson kọ ọ́ pé ó yẹ kí ẹnì kan dá àpò tí kò ní máa yan ìpín rárá sílẹ̀, tí yóò kàn máa ra díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo ọjà. Bogle rí i pé bí kò bá sí yíyan, kò sí ẹni tó lè sọ pé òun rú àdéhùn. Ní 1976 ó gbé àpò tó ń ra ìpín ilé-iṣẹ́ 500 jáde. Mílíọ̀nù 150 dọ́là ni wọ́n ń retí, mílíọ̀nù 11.3 ló wọlé. Àwọn alágbàtà ní kí ó dá owó olówó padà, ó kọ̀. Àwọn ẹlẹ́gàn sọ àpò náà ní Òmùgọ̀ Bogle.

Ọkàn rẹ̀ ti ń dà á láàmú láti ọmọ ọdún 31. Ní 1996, wọ́n fi ọkàn ẹlòmíràn rọ́pò tirẹ̀. Nígbà tó fi máa kú ní ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, ní ẹni ọdún 89, owó tó wà lábẹ́ Vanguard ti tó nǹkan bíi tírílíọ̀nù 5 dọ́là.

Lójú tèmi, lílé tí wọ́n lé e ló kọ́ ilé-iṣẹ́ náà, inú rere ló jẹ́ kí ó má wó o lẹ́yìn tí agbára dé ọwọ́ rẹ̀. Kò sì dákẹ́ nígbà tó darúgbó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Wall Street Journal pé irú àpò tí òun dá sílẹ̀ ti ń ní ìpín tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, àti pé ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni agbára náà yóò bọ́ sí lọ́wọ́.