Dò, re, mí: theory ti wà lẹ́nu wa kí beat tó dé

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ àtiṣe beat bá ti délẹ̀ níbí ni ẹnìkan máa ń kọ ọ́ pé, "Theory kì í ṣe tiwa jàre, etí la fi ń ṣe é." Ẹ fún mi láyè díẹ̀. Thread yìí máa gùn o.

Ní prámárì, ṣé tíṣà ò kọ́ yín pé dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni ti àárín, mí ni ti òkè? Inú ẹ̀kọ́ orin ni dò re mí yẹn ti wá. John Curwen, àlùfáà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló tan ọ̀nà fífi í kọrin ká ní sẹ́ńtúrì 19, àwọn míṣọ́nnárì sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ ti mọ theory tipẹ́. Wọn ò kàn sọ fún yín pé òun nìyẹn ni.

Àwọn míṣọ́nnárì kan náà túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kan ohùn orin náà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn orin kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń kọ ẹsẹ kìíní dé ìparí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ẹ mú "ọkọ̀": re dò. Tí ohùn orin bá gòkè níbi tó yẹ kó ti wálẹ̀, "ọkọ́" lẹ máa gbọ́. Tó bá dúró sójú kan, ó ti di "ọkọ". Ẹni tó ń kọrin nípa ọkọ̀ ojú omi ti ń kọrin nípa ohun tí wọ́n fi ń roko! (Ọlọ́run ṣáà mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn.)

Àwọn kan ò gbà. Kánọ́ọ̀nù Josiah Jesse Ransome-Kuti ní Abẹ́òkúta ń ṣe orin ìsìn tó bá ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ, ó sì gba orin sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù fún Zonophone ní 1922. Ní 1953, Ekundayo Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní kàtídírà Marina l'Ékòó, tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá.

Orin ijó ni mo ń bọ̀ wá sí ṣá. Kánọ́ọ̀nù yẹn ló bí bàbá Fela.

Ní 1958, Fela lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìmọ̀ ìṣègùn ni ilé rò pé ó lọ kọ́, Trinity College of Music ló wọ̀. Nígbà tó padà dé ní 1963, highlife tó ní jazz nínú ló ń ṣe, chord sì ń yí níbẹ̀ dáadáa. Ẹ wò ó: tí chord bá ti kúrò lórí dò bọ́ sórí fà, ó máa fẹ́ kí ohùn orin tẹ̀lé òun. Ọ̀rọ̀ Yorùbá náà sì ní ibi tó fẹ́ lọ. Èèyàn lè bá àwọn méjèèjì rẹ́, ṣùgbọ́n àyè á fún.

Ní 1959, Miles Davis gbé "So What" jáde. Scale méjì péré ló gbé gbogbo orin náà. Kàkàkí ni Fela náà ń fọn, ó sì fẹ́ràn Miles. Ó dé Amẹ́ríkà ní 1969. Nígbà tó fi máa di "Jẹun Kó Kú" ní 1971, ó ti ń já chord sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, chord kan tàbí méjì lè gbé orin rẹ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Àwọn kan ń pe ìyẹn ní orin tí kò ní theory. Irọ́ ni! Ẹni tó kọ́ chord ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ló mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀. Mi ò sọ pé ohùn Yorùbá nìkan ló fà á o, James Brown wà níbẹ̀, ìlù Tony Allen náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí chord bá ti dúró, ohùn olórin lè lọ síbi tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ lọ.

Ẹ wá wo ohun tí àwa ń ṣe lórí FL Studio. A ra loop chord mẹ́rin, a kùn "na na na" lé e lórí, ó dùn, lẹ́yìn náà la wá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tá a máa fún mọ́ inú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe sí orin ìsìn gan-an nìyẹn! Ìdí nìyẹn tí ọmọ Ìbàdàn fi ń wá lyrics orin Yorùbá kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí mo ṣe ń ṣe é: mo máa kọ́kọ́ sọ gbólóhùn náà lẹ́nu, máa kọ dò re mí rẹ̀ sílẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé nóòtì mẹ́ta péré ni màá lò. Mí sí dò kàn ń sọ pé kí n wálẹ̀ ni, bí mo ṣe máa wálẹ̀ tó kù sọ́wọ́ mi. Bọ́tìnnì dúdú márùn-ún orí kíbọ́ọ̀dù nìkan ni mo máa ń fi wá a, torí wọn kì í bára wọn jà. Chord ló máa ń gbẹ̀yìn. Ìgbà míì, ẹyọ kan ló máa ń tó.