Ikọ̀ ni, kì í ṣe ajẹ́lẹ̀: Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Jẹ́dà, 1915 sí 1936

Èrò kan ti ń jà ràn-ìn láàárín àwa tí à ń ṣèwádìí ìtàn ilẹ̀ Lárúbáwá, mo sì rí i pé àkókò tó láti dá a lóhùn. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tí mo bọ̀wọ̀ fún sọ pé láti 1915 títí di 1938 tí epo rọ̀bì jáde ní Saudi, ajẹ́lẹ̀ ni ẹni tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi sí Jẹ́dà, àti pé adé lásán ni Abdulaziz ibn Saud dé. Ẹ̀rí mẹ́ta ló gbé kalẹ̀: àdéhùn 1915, owó tí Gẹ̀ẹ́sì ń san fún ọba náà, àti ẹrú tí àwọn òyìnbó ń dá sílẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdájọ́ tó fà yọ nínú wọn ni n kò lè gbà.

N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí aṣojú ìjọba jẹ́. Ẹni tó bá sì ti gbọ́ ohun tó fa Ogun Kírìjì kò tún nílò kí n ṣàlàyé ajẹ́lẹ̀ fún un. Ohun tí a kì í tẹnu mọ́ tó ni ọ̀nà tí a fi ń dá òun àti ikọ̀ mọ̀ nígbà tí ìlú kan bá lágbára ju èkejì lọ fíìfíì. Ilé tó ń gbé kò lè sọ ọ́, owó tó ń pín kò lè sọ ọ́, kódà ọkọ̀ ogun tó dúró lẹ́bàá èbúté kò lè sọ ọ́, nítorí ikọ̀ alágbára náà máa ń ní gbogbo wọn. Ìbéèrè mẹ́ta ló lè là á. Ṣé ọba tí wọ́n rán an sí lè gba ikọ̀ ìlú mìíràn láìtọrọ àyè? Ṣé ọba náà ní ikọ̀ tirẹ̀ ní ààfin alágbára yẹn? Bí ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn, ṣé àṣẹ ọkùnrin náà ló ń parí rẹ̀, àbí ìwé tí ìhà méjèèjì jọ bu ọwọ́ lù?

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè wọ̀nyí wo 1915. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún náà, Percy Cox, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, àti Ibn Saud fọwọ́ sí àdéhùn ní Darin. Ibn Saud gbà pé òun kò ní bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe àdéhùn, òun kò sì ní fi ilẹ̀ òun fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i. Láti 1917, ó ń gba £5,000 lóṣooṣù. Bí ìtàn bá dúró síbí, n kò ní rí nǹkan kan wí sí ẹlẹgbẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ajẹ́lẹ̀ náà dà? Kò sí ẹnì kankan tí Gẹ̀ẹ́sì fi jókòó sí Riyadh. Shakespear, òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá Ibn Saud rìn, ti kú sójú ogun ní Jarrab ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1915, kí àdéhùn tó wáyé rárá. Philby dé ní 1917 gẹ́gẹ́ bí ikọ̀, ó jíṣẹ́, ó sì padà. Láti Bushire ní ilẹ̀ Páṣíà àti láti Kuwait ni wọ́n ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ Ibn Saud, lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà. Nígbà tó fi di 1924, owó náà ti dáwọ́ dúró.

Jẹ́dà ńkọ́? Jẹ́dà kò tíì sí lọ́wọ́ Ibn Saud nígbà yẹn. Láti 1916, abẹ́ Hussein, ọba Hijaz, ló wà. Láti nǹkan bí 1838 ni Gẹ̀ẹ́sì ti ní kọ́ńsù níbẹ̀, abẹ́ àwọn aláṣẹ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Lọ́ńdọ̀nù ló sì wà nígbà tí mo ń sọ yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ tó pọ̀ jù ni àbójútó àwọn Mùsùlùmí Íńdíà tó ń bọ̀ wá ṣe Hájì. Ìlú náà kò sì rọrùn: ní 1858 àwọn ará Jẹ́dà dìde, wọ́n pa igbákejì kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí pé ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ wọ Mẹ́kà, òṣìṣẹ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí láti Íńdíà ni wọ́n ń rán lọ síbẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ wo ni kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ìlú tí ìjọba tó ń ṣọ́ fìdí kalẹ̀ sí? Ìwé Bushire àti ìwé Jẹ́dà ni ẹlẹgbẹ́ mi dà pọ̀ mọ́ra, tó kà wọ́n bí ìwé kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni àṣìṣe rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Jẹ́dà túúbá fún Ibn Saud ní ìparí 1925, wọ́n sì fi í jọba Hijaz ní ọjọ́ 8 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1926. Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ gbà á lọ́ba, ní ọjọ́ 16 oṣù Èrèlé. Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e ní oṣù Ẹrẹ́nà. Ìyẹn dáhùn ìbéèrè kìn-ín-ní. Ní ọjọ́ 20 oṣù Èbìbí 1927, Gilbert Clayton, ikọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Faisal ọmọ ọba fọwọ́ sí àdéhùn Jẹ́dà. Gẹ̀ẹ́sì gbà nínú rẹ̀ pé òmìnira ọba náà pé pérépéré, wọ́n sì pa àdéhùn 1915 rẹ́. Ní 1930, Andrew Ryan di mínísítà Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ sí Jẹ́dà, Hafiz Wahba, ọmọ Íjíbítì tó ń sin Ibn Saud, sì di mínísítà ọba náà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìbéèrè kejì náà ti ní ìdáhùn.

Ó ku ìbéèrè kẹta. Ọ̀rọ̀ ẹrú ló le jù níbẹ̀, n kò sì ní gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹrú tó bá lè sá dé ẹnu ọ̀nà ilé kọ́ńsù ní Jẹ́dà ti bọ́. Wọ́n á fi í pamọ́ sínú ọgbà, wọ́n á bá àwọn ìjòyè ọba sọ ọ́, wọ́n á sì wá ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé e kọjá Òkun Pupa sí Sudan. Ẹni tó rí èyí lè pè é ní àṣẹ ajẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe parí. Ní 1927, ẹ̀tọ́ láti dá ẹrú sílẹ̀ báyìí kò wọnú àdéhùn gan-an. Inú lẹ́tà tí Clayton àti ọba kọ síra wọn ló wà. Ní oṣù Ọ̀wàrà 1936, ọba ṣe òfin tuntun lórí ẹrú, Gẹ̀ẹ́sì sì fi ẹ̀tọ́ ìdásílẹ̀ náà sílẹ̀ nípa lẹ́tà mìíràn. Ìwé ìhà méjèèjì ló fi ìdí ẹ̀tọ́ náà múlẹ̀, ìwé ìhà méjèèjì ló sì gbà á kúrò. Ọba jèrè, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tì mọ́ àwọn ẹrú: 1962 ni Saudi tó fòfin de ẹrú níní. A kò gbọdọ̀ gbàgbé wọn bí a ti ń yin òmìnira ọba.

Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyè méjì, kó wo 1933. Ilé iṣẹ́ epo Iraq Petroleum Company tí Gẹ̀ẹ́sì ní ìpín ńlá nínú rẹ̀ wá dúnàádúrà fún ẹ̀tọ́ láti wa epo, Standard Oil ti California náà wá. Amẹ́ríkà ni ọba fún, ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí. Ní ilé ìfowópamọ́ àwọn ará Netherlands ní Jẹ́dà, wọ́n ka owó wúrà 35,000 fún ìjọba ọba náà lọ́kọ̀ọ̀kan, owó wúrà Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, tí Amẹ́ríkà fi ra ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò rí gbà. Ìlú kan náà ni Ryan wà.

N kò sọ pé agbára wọn dọ́gba. Kuwait, Iraq àti Transjordan tó yí ọba náà ká, ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló tò wọ́n. Orí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Lupin, ni òun àti Faisal ọba Iraq ti pàdé ní 1930 láti parí ìjà. Ó ṣeé ṣe kí ìwé mìíràn jáde lọ́la tí yóò mú wa tún èrò wa pa. Pẹ̀lú ìyẹn náà, n kò rí bí ìwé kankan yóò ṣe sọ Ryan di ajẹ́lẹ̀.

Ohun tó tún ń fà mí lọ́kàn nínú ìwé Jẹ́dà ni àwọn èèyàn wa. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Nàìjíríà ló ń fẹsẹ̀ rìn gba Chad àti Sudan kọjá, tí wọ́n sì ń wọ ọkọ̀ sọdá sí Jẹ́dà. Ọmọ Èkó jẹ́ ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ará Ìbàdàn tàbí Ìlọrin sì wà lábẹ́ ààbò rẹ̀, nítorí náà ojú ilé aṣojú yìí kan náà ni wọ́n ń wò bí owó bá tán tàbí bí àìsàn bá dé. Ní 1958 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn tó ń lọ sí Hájì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ti lọ ṣáájú ni mo fẹ́ wá kàn báyìí, nínú ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Kew àti ní British Library. Ṣùgbọ́n ìwé òyìnbó nìkan kò lè tó. Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín àgbà lọ sí Mẹ́kà kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da ìwé ìrìnnà wọn nù. Ẹ fi hàn ẹ̀ka ìtàn ní yunifásítì tó bá sún mọ́ yín, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí ikán tó jẹ ẹ́.