iPod: bí orin inú rẹ̀ ṣe lè dún dáadáa

iPod ni ẹ̀rọ orin alágbèéká tí Apple, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà, gbé jáde lóṣù Kọkànlá ọdún 2001. Fáìlì tí a kó sí i ló kọ́kọ́ ń pinnu bó ṣe máa dún. MP3 tí a fún pọ̀ sí kilobit 128 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti pàdánù púpọ̀ nínú 1,411 tó wà lórí síídì. Ẹni tó bá tún un sọ di 320 kàn ń fi àyè ṣòfò ni, torí ohun tó ti lọ ti lọ. Orí síídì gan-an ni kí a ti kó o, ní 256 ó kéré tán, tàbí ní Apple Lossless (2004), tí kì í gé nǹkan kan. Íyàpíìsì funfun tó bá a wá kò tó nǹkan rárá. Èyí tó dí etí dáadáa ló ń gbé ohùn ìlù ńlá jáde.